Láti Ọwọ́ Dé Ẹnu: Courtney Walsh, Ajùbọ́ọ̀lù Tó Di Olùkọ́

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ló wà nílẹ̀ Yorùbá tí ọ̀gá lè máa ṣe títí ewú yóò fi gba orí rẹ̀ kan. Ní ilẹ̀ Òkun, ìyá àgbà tó ti ń hun aṣọ láti ìgbà ọmọge rẹ̀ lè jókòó nídìí òfì ní ẹni àádọ́rin ọdún, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ han ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí òwú ṣe ń gba àárín òwú kọjá. Ọmọ yóò wò ó, yóò gbìyànjú, yóò ṣì í ṣe. Ìyá àgbà yóò tú u, yóò sì tún un hun lójú rẹ̀. Kò di dandan kí ìyá sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé tí ọmọ ń kà.

Eré ìdárayá kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó fi í ṣe iṣẹ́ tó pé ẹni ogójì ọdún, ara yóò ti máa sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Ìmọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ digbí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbé e bíi ti àná mọ́, apá kò sì tètè dá a lóhùn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá fẹ́ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn, kí ni yóò fi kọ́ ọ? Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí. Ìgbésí ayé Courtney Walsh, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, yẹ ní àpẹẹrẹ tí a lè fi yẹ ìbéèrè náà wò, nítorí pé àwọn tó ju bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì pẹ́ tó o kò pọ̀ láyé, ó sì ti ṣe olùkọ́ ní orílẹ̀-èdè tó ju ẹyọ kan lọ.

Irú eré tí kíríkẹ́ẹ̀tì jẹ́

Ọmọdé tó bá ń ṣeré ní Makutu tàbí ní Kàbà, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló mọ̀ jù. Kíríkẹ́ẹ̀tì ti pẹ́ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò tàn ká bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló mú un wọ̀lú. Ní ọdún 1904 ni ẹgbẹ́ Èkó àti ẹgbẹ́ Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, kọ́kọ́ pàdé nínú eré náà. Lẹ́yìn náà ni ó rí ibùgbé ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bíi King's College ní Èkó àti Government College ní Ìbàdàn. Nítorí náà, ó tọ́ kí á kọ́kọ́ ṣàlàyé bí a ti í ṣe é, kí ọ̀rọ̀ má baà rú ẹni tí kò wò ó rí lójú.

Ẹgbẹ́ méjì ló ń bá ara wọn figagbága, ènìyàn 11 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní àárín pápá, a ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní ìkángun méjì tó kọjú sí ara wọn. Nǹkan bíi mítà 20 ló wà láàárín wọn. Wíkẹ́ẹ̀tì ni à ń pe àwọn igi wọ̀nyí. Ẹnìkan láti inú ẹgbẹ́ kan yóò dúró níwájú wíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú pákó gbọọrọ lọ́wọ́. Òun ni olùgbá. Ẹnìkan láti inú ẹgbẹ́ kejì yóò sáré bọ̀ láti òdìkejì, yóò sì ju bọ́ọ̀lù líle tí a fi awọ bò sí i. Òun ni ajùbọ́ọ̀lù. Bí olùgbá bá gbá bọ́ọ̀lù náà lọ, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tó dúró lọ́dọ̀ ajùbọ́ọ̀lù yóò máa sáré pààrọ̀ àyè, iye ìgbà tí wọ́n bá sì pààrọ̀ ni àmì tí ẹgbẹ́ wọn yóò jẹ. Èyí tí a bá gbá rékọjá ààlà pápá láìkanlẹ̀, àmì mẹ́fà ló jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ ajùbọ́ọ̀lù ni kí ó lé olùgbá kúrò. Ó lè jẹ́ pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ wó wíkẹ́ẹ̀tì. Ó lè jẹ́ pé olùgbá gbá a sókè, tí ẹlòmíràn sì hán an kí ó tó balẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ olùgbá ló dí bọ́ọ̀lù tí ì bá wó wíkẹ́ẹ̀tì. Olùgbá kan tó bá kúrò báyìí, wíkẹ́ẹ̀tì kan ni ajùbọ́ọ̀lù gbà yẹn. Bí a bá ti gba wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, ti ẹgbẹ́ náà ti parí. Ìjù mẹ́fà ni ọ̀wọ́ kan. Bí ọ̀wọ́ kan bá pé, ẹlòmíràn ni yóò gba bọ́ọ̀lù. Òfin kò sì gbà kí ajùbọ́ọ̀lù ká ìgbọ̀nwọ́ kí ó tún nà án bí ẹni ń sọ òkò; ńṣe ni yóò yí apá ká lókè orí.

Oríṣìí eré náà pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn àgbà ka sí jù ni Tẹ́ẹ̀sì, tí orílẹ̀-èdè méjì máa ń fi tó ọjọ́ márùn-ún ṣe. Inú rẹ̀ ni a ti í mọ ajùbọ́ọ̀lù tó ní ìfaradà. Ẹni tó ń sáré jù ú pẹ̀lú agbára, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ bá balẹ̀, ẹrù tó wúwo ju ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po ni ẹsẹ̀ náà ń gbé. Ẹ̀yìn, orúnkún àti ọrùn-ẹsẹ̀ ló sì ń san gbèsè náà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń fi pápá sílẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń fi pákó gbá a ṣì ń bá eré lọ.

Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún ìjù

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá, ọdún 1962, ọdún kan náà tí Jàmáíkà gba òmìnira, ni a bí Courtney Andrew Walsh ní Kingston, olú-ìlú ilẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ Melbourne ní Kingston ló ti gbóńgbó jáde, ẹgbẹ́ kan náà tí Michael Holding, ìlú-mọ̀ọ́ká ajùbọ́ọ̀lù, ti wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1984, ní ìlú Perth ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ó kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ West Indies ṣe eré Tẹ́ẹ̀sì. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kan. Àwọn erékùṣù àti ilẹ̀ tó wà ní agbègbè Káríbéánì ló pawọ́ pọ̀ ní in, ó sì jẹ́ ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù nígbà náà.

Àwọn tí Walsh bá níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: Holding, Joel Garner, Malcolm Marshall. Ọmọdé kì í dé ibi tí àgbà wà kí ó sọ pé òun ni yóò kọ́kọ́ bu òkèlè. Àwọn àgbà a máa ju bọ́ọ̀lù láti ìhà tí atẹ́gùn ti ń tì wọ́n lẹ́yìn. Walsh a sì máa gba ìhà tí atẹ́gùn ti ń dojú kọ ọ́. Iṣẹ́ tí kò lókìkí ni, ó sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún láìráhùn. Láti ọdún 1984 títí di ọdún 1998, ó tún ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Gloucestershire ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Bí ti ibí ṣe ń parí ni ti ọ̀hún ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àwọn àgbà fẹ̀yìn tì, tí Curtly Ambrose, ọmọ Antigua, sì wọlé ní ọdún 1988, ìsọ̀rí tuntun dé. Àwọn méjèèjì di ìkejì ara wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993, ní ìlú Adelaide, ó ku olùgbá kan péré kí Ọsirélíà tán, àwọn méjì tó gbẹ̀yìn sì ti fi sùúrù kó 40 àmì jọ. Àmì méjì ló kù kí wọ́n borí. Ìjù kan láti ọwọ́ Walsh ló parí rẹ̀: West Indies fi àmì kan ṣoṣo borí. Ní oṣù kejì ọdún 1995, ní ìlú Wellington, nígbà tó ń ṣe balógun ẹgbẹ́ náà, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì 13 nínú eré kan lọ́wọ́ Niu Sílandì, tí àmì tí wọ́n jẹ lára rẹ̀ kò sì ju 55 lọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 2000, ní Kingston ìlú rẹ̀, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ karùndínlógójì-lé-nírinwó, ìyẹn 435, ó sì fi bẹ́ẹ̀ ré Kapil Dev ti ilẹ̀ Íńdíà kọjá. Ní oṣù kẹta ọdún 2001 ó di ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gba 500 nínú eré Tẹ́ẹ̀sì. Oṣù tó tẹ̀lé e ni ó dágbére fún pápá, ní Kingston kan náà. Eré Tẹ́ẹ̀sì 132 ló ṣe, wíkẹ́ẹ̀tì 519 ló gbà, ìgbà 30,019 ló sì ju bọ́ọ̀lù. Ará ilẹ̀ Òkun tó bá gbọ́ iye yìí, ìkíni tó fún wọn ní orúkọ gan-an ni yóò fi kí i: "Òkun o!" Ṣùgbọ́n orí kì í pé sí méjì. Bí pákó bá kan Walsh, ẹ̀rín ni àwọn òǹwòran máa ń rín: ìgbà 43 ni wọ́n lé e kúrò láìjẹ àmì kan nínú eré Tẹ́ẹ̀sì.

Kí ló mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí eré ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dín kù, ọgbọ́n rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó mọ bí a ti í fi ìka fa ara bọ́ọ̀lù kí ó lè yà bàrá lẹ́yìn tó bá kanlẹ̀. Ó mọ bí a ti í yí apá pẹ̀lú ìyára kan náà, kí bọ́ọ̀lù sì jáde pẹ̀lú ìrọ̀ra, tí olùgbá yóò ti gbá afẹ́fẹ́ kí ó tó dé. Àwọn Yorùbá sọ pé ọgbọ́n ju agbára. Ibi tí agbára ti fi Walsh sílẹ̀ gan-an ni ohun tó lè fi kọ́ni ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjù tí kò jù

Bí a bá ní kí á mú ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún 17 tó fi bá West Indies ṣeré, ọjọ́ tí ó pàdánù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò mú. Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá, ọdún 1987 ni, ní ìlú Lahore ní ilẹ̀ Pàkísítàn, nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Ọ̀wọ́ tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ Walsh. Àmì 14 ni Pàkísítàn ń wá. Abdul Qadir gbá ọ̀kan rékọjá ààlà fún mẹ́fà, ó sì ku àmì méjì nínú ìjù kan ṣoṣo. Olùgbá kan péré ló kù kí Pàkísítàn tán.

Walsh sáré bọ̀. Bí ó ti fẹ́ jù ú, ó rí i pé Saleem Jaffar, ẹnìkejì Qadir tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti kúrò ní àyè rẹ̀ kí ó lè jí ìṣísẹ̀ díẹ̀. Òfin gbà fún Walsh pé kí ó wó wíkẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, eré parí, West Indies borí. Ó dúró. Kò wó o. Ó padà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún sáré bọ̀. Qadir gbá a, wọ́n sáré lẹ́ẹ̀mejì, Pàkísítàn borí. Ẹgbẹ́ tó ti dé àṣekágbá nínú Ife Àgbáyé mẹ́ta ìṣáájú kò tilẹ̀ dé ìpele tó ṣáájú rẹ̀ lọ́dún náà.

Àríyànjiyàn wà lórí ohun tó ṣe yìí títí dòní. Àwọn kan ní òfin ni òfin, ẹni tó jí ìṣísẹ̀ ló yẹ kí ó jìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá kọ́ ní ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí yóò mọ̀ pé ohun tí òfin gbà àti ohun tí ìwà gbà lè má jẹ́ ọ̀kan náà. Nínú gbogbo ohun tí Walsh lè kọ́ni, èyí nìkan ni ìran kan fi hàn tán pátápátá láìjẹ́ pé ó tún ń ṣàlàyé.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn

Lẹ́yìn ọdún 2001, Walsh bá wọn ṣe iṣẹ́ yíyan àwọn tí yóò ṣojú West Indies, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn akọni eré náà lágbàáyé ní ọdún 2010. Ọdún 2016 ni iṣẹ́ olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, nígbà tí Bàńgíládẹ́ẹ̀ṣì gbà á láti kọ́ àwọn ajùbọ́ọ̀lù wọn. Ó ti ń lọ sí ẹni ọdún 54.

Níbí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ìyá àgbà ahunṣọ ti hàn. Walsh kò lè sọ pé, "Wò mí, ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀." Ó di dandan kí ohun tí apá mọ̀ di ohun tí ẹnu lè sọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ajùbọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ lè pín ìjù kan sí wẹ́wẹ́: bí a ti sáré bọ̀, ibi tí ẹsẹ̀ iwájú balẹ̀, ibi tí ojú kọ sí, bí ọrùn-ọwọ́ ti dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù ń kúrò lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ máa ka iye ìjù tí ọ̀dọ́ kan ń jù lọ́sẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà ṣẹ́ kí ó tó gbó. Lékè gbogbo rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun kò ní sọ, nítorí ara ọmọ kan kì í ṣe ara ọmọ kejì. Ohun tí ẹlẹ́bùn fi ìṣẹ́jú kan mọ̀ lè gba ọmọ tó ń kọ́ ní ọdún kan. Ẹni tí nǹkan rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sì lè má mọ ibi tí ó ti le fún ẹlòmíràn.

Ilẹ̀ pàápàá lè kọ ẹ̀kọ́. Ilẹ̀ pápá ní Bàńgíládẹ́ẹ̀ṣì kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù eléré ta sókè. Àwọn tó ń fi ìka yí bọ́ọ̀lù ni ó ń gbè. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2018, ní Mirpur, Bàńgíládẹ́ẹ̀ṣì ko West Indies lójú láìmú ajùbọ́ọ̀lù eléré gidi kan ṣoṣo wọ pápá. Àwọn afìkayíbọ́ọ̀lù ló gba gbogbo wíkẹ́ẹ̀tì 20, wọ́n sì borí tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Ẹgbẹ́ tí Walsh ń bá ṣiṣẹ́ ló jàre, ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ rẹ̀ ló jẹ̀bi, àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ sì jókòó ń wòran. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ.

Ní oṣù kẹta ọdún kan náà, wọ́n ti fi í ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ìgbà díẹ̀ nínú ìdíje kan ní Síríláńkà. Bàńgíládẹ́ẹ̀ṣì dé àṣekágbá, wọ́n bá Íńdíà pàdé. Ó tún ku ìjù kan: Íńdíà ń wá àmì márùn-ún. Dinesh Karthik gbá a rékọjá ààlà fún mẹ́fà. Ní Lahore ní ọdún 31 ṣáájú, ìjù tó kẹ́yìn wà ní ìkáwọ́ Walsh, òun ló sì pinnu ohun tí yóò fi ṣe. Ní Colombo, ẹ̀gbẹ́ pápá ni ó wà, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ìrora olùkọ́ nìyẹn: ó ti sọ gbogbo èyí tó lè sọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó wá ku wíwò.

Ó fi Bàńgíládẹ́ẹ̀ṣì sílẹ̀ ní ọdún 2019. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, West Indies fi í ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wọn. Nínú Ife Àgbáyé ọdún 2022, àwọn obìnrin náà fi àmì mẹ́ta borí Niu Sílandì, wọ́n fi méje borí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi mẹ́rin borí Bàńgíládẹ́ẹ̀ṣì. Ẹgbẹ́ tí kì í tètè juwọ́ sílẹ̀ ló ń borí báyìí. Wọ́n dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá kí Ọsirélíà tó dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ gún mọ́, nígbà tí àdéhùn rẹ̀ sì parí ní ọdún 2023, wọn kò tún un ṣe. Ní ọdún 2024 ó lọ ran ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Sìm̀bábúwè lọ́wọ́ pẹ̀lú ìmọ̀ràn.

Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ lé òṣùwọ̀n, ìtàn Walsh olùkọ́ kò ga tó ìtàn Walsh ajùbọ́ọ̀lù. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹni tó sì mọ èkíní dé góńgó tún di ọmọ iṣẹ́ nínú èkejì. Ohun tó yẹ ní ìyìn ni pé ẹni tó ti gba wíkẹ́ẹ̀tì 519 gbà láti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ó tún máa gba ìhà tí atẹ́gùn ti ń dojú kọ ọ́.

Ti ilé wa ńkọ́?

Ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Tẹslímì Balógun, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Thunder nítorí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le tó, wà nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Nàìjíríà tó rin ìrìn-àjò lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1949, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1956 ó wọ ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ìgbà gbígbá kọjá, kò gbẹ́kẹ̀ lé òkìkí rẹ̀ nìkan. Ó kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá bí a ti í kọ́ iṣẹ́, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kú ní ọdún 1972, pápá ìṣeré tí a fi sọ orí rẹ̀ sì wà ní Sùúrùlérè títí dòní.

Kíríkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà náà ti ń dé oríta yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Peter Aho gba wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà lọ́wọ́ Sàró, tí wọn kò sì jẹ ju àmì márùn-ún lọ lára rẹ̀. Nígbà náà, kò sí ọkùnrin tó tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí nínú eré kúkúrú tó wà láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ní ilẹ̀ Màléṣíà, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí kò tíì pé ẹni ọdún 19 fi àmì méjì borí Niu Sílandì nínú Ife Àgbáyé. Àwọn ajùbọ́ọ̀lù ló dáàbò bo àmì 65 péré tí wọ́n ní.

Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí yóò dàgbà, apá wọn yóò sì rẹ̀. Bí a kò bá pèsè ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn yóò ti kọ́ bí a ti í kọ́ni, tí a kò sì bẹ̀rẹ̀ kí àárẹ̀ ara tó dé, ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ yóò bá wọn wọlé jókòó, ìran tó ń bọ̀ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí a fi ń tún orí ọmọ ṣe, kíkọ́ ni a sì ń kọ́ ọ. Ìyá àgbà ahunṣọ lè fi ọwọ́ sọ tirẹ̀. Ajùbọ́ọ̀lù kò ní ju ẹnu lọ, ó sì yẹ kí a ti máa kọ́ ẹnu náà ní ọ̀rọ̀ nígbà tí apá ṣì ń yí.